Orúkọ Ta Ni Yóò Wà Lókè?

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Mo ti lọ́kọ.

Láti ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu mi bí omi gbígbóná, mi ò lè tu ú dànù, mi ò lè gbé e mì. Ìwé yìí nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Èmi àti Oníwáyà lọ fọwọ́ síwèé ní kóòtù. Ọ̀gá rẹ̀ nídìí iṣẹ́ iná àti ìyàwó ọ̀gá náà ló ṣe ẹlẹ́rìí. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀, gíríìsì wà lápá rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí akọ̀wé fi ní kí n rọra mí. Lẹ́yìn náà, kálukú padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ṣì ń sùn nílé Mama. Òrùka wà lọ́rùn mi lórí òwú, lábẹ́ aṣọ.

Ìdí tí a fi pa á mọ́ — Mama àti Ìyá Oníwáyà. Aránṣọ ni àwọn méjèèjì. Nígbà tí a wà ní kékeré, wọ́n jọ ní ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Ọjọ́ tí wọ́n gbé pátákó ṣọ́ọ̀bù dé, orúkọ Mama ló wà lókè, ti Ìyá Oníwáyà wà nísàlẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ní bí ààyè ṣe gbà á ni. Wọn ò gbọ́. Ìyá Oníwáyà gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Títí dòní, bí ọ̀kan bá ń bọ̀ lápá ọ̀tún títì, èkejì á sọdá sí òsì. Àwọn bàbá wa ò sí mọ́ tí ìbá bá wọn sọ ọ́.

Ọmọ àwọn méjèèjì ló wá fẹ́ra yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kẹta

Ó rẹ̀ mí. Aṣọ lẹ́tà là ń ṣe níbi iṣẹ́ wa — bí a ṣe ń pè é láàárín ara wa nìyẹn. Iléeṣẹ́ tó bá ń kọ íméèlì sí oníbàárà á fẹ́ kí lẹ́tà náà ní àmì tirẹ̀ lókè, ọnà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àdírẹ́sì nísàlẹ̀. Àwa là ń rán an sí i lọ́rùn. A tún ń ṣe ojúewé fún wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀gá gbé ẹ̀dà tuntun sọ́fútíwià wa dé láàárọ̀ yìí. Ó ní àrà tuntun pọ̀ nínú rẹ̀. Lóòótọ́ ni. Àkọ́kọ́ nínú àrà náà ni pé gbogbo aṣọ lẹ́tà tí a ti rán látẹ̀yìn wá ló ya. Àmì iléeṣẹ́ afọṣọ já wá sísàlẹ̀. Òdòdó tó yí lẹ́tà oníṣègùn eyín ká ku ẹyọ kan ṣoṣo, ó dúró láàárín bí eyín tó kù lẹ́nu arúgbó. Ọ̀gá ní ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan, àwa la ò tíì mọ̀ ọ́n lò. Òun náà ò mọ̀ ọ́n lò.

Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹta

Mò ń tún un rán. Mò ń tún un rán. Mo lọ́kọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù Kẹta

Ojú ń ta mí, ẹ̀yìn ń ro mí. Mo délé, Mama ní bùláòsì mi ti fún mi jù, òun á rán òmíràn. Ó fi téèpù wọn èjìká mi, ó wọn ọrùn mi. Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. Ó ní, “Ọrùn ẹ ti wúwo sí i.”

Téèpù kì í wọn ìwúwo.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù Kẹta

A ti sọ ọ́. Kì í ṣe ti kóòtù o — a kàn ní a fẹ́ fẹ́ra wa ni. Oníwáyà sọ fún ìyá rẹ̀ lásìkò tí mo ń sọ fún ìyá mi, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé. Mo kúnlẹ̀. Mama ń tú ojú rírán kan, kò gbójú sókè.

“Ọmọ obìnrin yẹn?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó tú ojú rírán náà tán. Ó wá ní ọmọ náà ò burú, pé ó máa ń kí òun láti òdìkejì títì bí ìyá rẹ̀ ò bá sí nítòsí. Mo fẹ́ fò sókè. Àfi ìgbà tó béèrè pé ṣé a ó pe ènìyàn jọ. Mo ní a ó pè wọ́n, ní oṣù Kẹfà. Ó ní, “Nínú ìwé ìpè yẹn, orúkọ ta ni yóò wà lókè?”

Bí kì í bá ṣe tòun, kí a má wá òun.

Oníwáyà pè mí lẹ́yìn náà. Ohun tí ìyá tirẹ̀ náà sọ nìyẹn, kò fi ọ̀rọ̀ kan yẹ̀. Ó ní àfi bí ẹni pé wọ́n jọ há a sórí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹta

Mo rí nǹkan kan lónìí tí àárẹ̀ fi fò lọ lára mi. Nínú àrà tuntun yẹn, a lè ṣe ojúewé kan kí ó ní ojú méjì. Ọ̀gá ń lò ó fún afọṣọ — oníbàárà àtijọ́ á rí “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta”, àlejò á rí “Ẹ káàbọ̀”. Lẹ́tà tó mú ènìyàn débẹ̀ ló ń sọ ojú tí yóò rí.

Mo jókòó, mo ronú. Àwọn ará ilé wa fọ́n káàkiri, íméèlì náà la ó fi pè wọ́n. Ẹni tó bá jẹ́ tiwa á rí orúkọ Mama lókè. Ẹni tó bá jẹ́ tiwọn á rí ti Ìyá Oníwáyà lókè. Àsè kan náà. Ta ló máa mọ̀?

Mo pe Oníwáyà. Ó ní, “Ìyàwó mi, ọ̀daràn ni ẹ́.” Ìyàwó mi. Ó pè mí bẹ́ẹ̀ lójú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Kẹta

Mo parí i lẹ́yìn iṣẹ́. Ọnà òwú ni mo fi yí i ká, bí ojú rírán. Mo ti fi ránṣẹ́. Fóònù àwọn ìyá wa ò lè ṣí íméèlì, Oníkafé tó wà ní ìkóríta ló máa ń ṣí i fún wọn. Mama ti lọ wò ó ná. Ó dé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń kọrin. Ó ní orúkọ òun dúró dáadáa.

Ìyá Oníwáyà á lọ lọ́jọ́ Ajé.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kẹta

Ó ti bàjẹ́.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà fún àwọn ìyá ní ilé Oníkafé. Ìyá Oníwáyà jókòó sí ibi tí Mama jókòó sí, ó ṣí lẹ́tà tirẹ̀, lẹ́tà náà gbé e lọ sí ojúewé wa — orúkọ Mama ló rí lókè. Ó ní kí Oníkafé tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún òun, ó ká a, ó lọ sílé.

Mo sá lọ bá Ọ̀gá. Ó ní bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ojú tí kọ̀ǹpútà kan bá kọ́kọ́ rí ni yóò máa rí. Kọ̀ǹpútà ló ń dá mọ̀, kì í ṣe ènìyàn. Ó ní, “Ta ni ò ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ láyé ìsinsìnyí?”

Mo ní ìyá mi, sà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Kẹta

Ìyá Oníwáyà ní kí a má wá òun. Oníwáyà ò jẹun. Mama ṣì ń kọrin, kò tíì gbọ́. Orin náà ń gún mi létí.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù Kẹta

Mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ẹsẹ̀ mi bí òkúta. Mo dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Mama, mi ò gbọ́ ìró ẹ̀rọ. Mo yọjú. Mama àti Ìyá Oníwáyà jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Bébà wà láàárín wọn, fóònù Oníwáyà wà lórí bébà. Oníwáyà ti kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ tì í láìbéèrè.

Òun ló fà á, ọkọ mi ọ̀wọ́n. Ó fẹ́ tu ìyá rẹ̀ nínú, ló bá ṣí ojúewé náà hàn án lórí fóònù tirẹ̀, pé ẹ wò ó, mà, ẹ̀yin lẹ wà lókè. Ìyá rẹ̀ wo fóònù, ó wo bébà. Ó gba fóònù náà, ó sọdá títì. Ìyá tí kò sọdá wá síhìn-ín láti ìgbà tí a ti wà ní kékeré.

Wọ́n bá wa wí. Bí ọ̀kan bá sinmi, èkejì á gbà á. Ìyá Oníwáyà ní, “Wọ́n rò pé a ò mọ̀wé.” Mama ní, “A ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n a mọ aṣọ olójú méjì.” Wọ́n wo ara wọn. Ìyá Oníwáyà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Mama wá ní kò burú, kí n fi orúkọ àlejò òun sókè. Ìyá Oníwáyà ní rárá o, ìyá ìyàwó ló yẹ. Mama ní òun ò fẹ́. Ìyá Oníwáyà ní ta ló ń bẹ̀ ẹ́. Ìjà tuntun fẹ́ dé lórí ẹni tí kò fẹ́ wà lókè. Mo yáa ní n ó yọ méjèèjì kúrò.

Mo tún ní oṣù Kẹfà ṣì jìnnà, a ó rójú tún un ṣe. Mama ní oṣù Kẹfà wo. Ó nawọ́ sí ọrùn mi, ó fa òwú náà jáde, òrùka bọ́ síta lójú gbogbo wọn. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti wọn ọrùn mi ni òun ti ń dúró kí n la ẹnu. Ìyá Oníwáyà wo ọmọ rẹ̀. “Ẹ ti ṣe é tán, ẹ wá ń sùn ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí olè?” Wọ́n ní a ò ní dé oṣù Kẹfà. Wọ́n ti ń jiyàn lórí aṣọ tí mo máa wọ̀, ọ̀kan á gé e, èkejì á rán an.

Mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni mo sun tàbí ẹ̀rín. Ó rẹ̀ mí tayọ̀tayọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù Kẹta

Òrùka wà ní ìka mi. Mo ti tún ojúewé náà rán, ojú kan ṣoṣo, kò sí orúkọ kankan lókè. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi ní ilé Oníkafé, wọ́n ń sọ ọ́, mò ń tẹ̀ ẹ́ —

Àwa ìyá wọn méjèèjì là ń pè yín. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù Kẹrin, ni àsè. Ẹ má dúró de ọjọ́ náà. Kí gbogbo yín ti dé ní ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù Kẹrin.