Wọ́n Wá Sọ Pé Ẹ Ṣeun Àná

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi sí yín, kí n tètè sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń bí mi, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yìí ló wá kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò, èmi tí n kì í kọ lẹ́tà sí alààyè pàápàá.

Ní Ajégúnlẹ̀ níbí, ibà ló pa yín. Ohun tí ẹbí fẹnu kò lé lórí nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n sáré sin yín láìsí orin, tí wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀yin lẹ gba ẹ̀mí ara yín. Ibà! Ẹni tó ti ojú ogun Bìáfárà bọ̀ láàyè. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ̀sín ta ni? Èwo nínú wa lẹ rò pé yóò fi yín ṣẹ̀sín?

Mo rántí yín dáadáa. Ẹ máa ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó wọlé, ká lè mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó dan idẹ bẹ́líìtì yín títí màá fi rí eyín mi nínú rẹ̀. Àga yín kì í kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn láéláé. Lọ́jọ́ tí tiransifọ́mà bú gbàmù, ẹ dojú bolẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀, gbogbo ọmọ ilé bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà sì rẹ́rìn-ín. Ẹ ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó béèrè. Ṣọ́jà ni yín. Ta ló ń bi ṣọ́jà pé kí ló ń dẹ́rù bà á?

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọjọ́ tí ẹ pín ẹrù yín. Ẹ gbé rédíò fún Bàbá Onílé, ẹ fún ọ̀gbẹ́ni tó ń lẹ táyà ní bàtà òjò yín, ẹ bọ́ aago ọwọ́ yín fún Káyọ̀dé àbúrò mi, aago náà tóbi débi pé ó ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ara yín balẹ̀ lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe rí i rí lọ. Gbogbo wọn gbàdúrà fún yín. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: a kì í bi ẹni tó ń ta wá lọ́rẹ pé kí ló dé. A ó dúpẹ́, tí ilẹ̀ bá mọ́, a ó tún lọ dúpẹ́. Nígbà tí Bàbá Onílé yóò fi wá kan ilẹ̀kùn láti sọ pé ẹ ṣeun àná, ẹ ò sí láyé mọ́. Láti ìgbà náà ni ìkíni yẹn ti ń rí mi lára.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Káyọ̀dé wọṣẹ́ ológun bíi tiyín. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Wọ́n kó wọn lọ sí Làìbéríà, ó sì padà dé pẹ̀lú ojú tí mo mọ̀. Ó wá ń dá lọ jókòó sétí omi ní Marine Beach, níbi tí ẹ̀yin máa ń jókòó sí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó dé ilé mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní òun ti gbé tẹ́ẹ̀pù òun fún ọ̀rẹ́ òun. Ó bọ́ aago yín, ó so ó mọ́ Délé ọmọ mi lọ́wọ́. Ọmọ dọ̀bálẹ̀. Ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ẹnu èmi náà ti là láti dúpẹ́.

Mi ò dúpẹ́.

"Káyọ̀dé, ṣé o fẹ́ pa ara rẹ ni?"

Ọkọ mi pariwo. "Ìyá Délé! Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?"

Káyọ̀dé ò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀. "Sístà mi, ó ti sú mi. I no dey sleep. Mo kàn fẹ́ kó tán ni."

Mo jókòó tì í. Mi ò wàásù fún un, mi ò sì pè é ní ojo. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a mú un lọ sílé ìwòsàn àwọn ológun. Ọ̀gá kan níbẹ̀ fojú di wá. "Madam, carry am go house. Ọkùnrin ni, jàre." Mo jókòó sórí sìmẹ́ńtì, mo ní n ò lọ. Bàbá, mo pariwo orúkọ yín níbẹ̀! Mo sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé kì í ṣe ibà ló pa bàbá wa. Ìgbà yẹn ni dókítà kan jáde, tó mú Káyọ̀dé wọlé, tó sì fetí sí i. Ó fún un lóògùn, ó ní kó máa wá bá òun sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ mú ìbọn dání ná, kò sì gbọdọ̀ dá wà.

Ara Káyọ̀dé kò tíì yá, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ká ní a bi yín léèrè, ṣé ẹ̀yin ì bá dáhùn? Àbí ẹ ì bá wúkọ́, kí ẹ ní ká lọ sùn? Mi ò mọ̀, àìmọ̀ yẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú náà, mo so aago padà mọ́ Káyọ̀dé lọ́wọ́. Pálọ̀ mi ló sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mò ń tan sítóòfù lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Mo yíjú padà. Káyọ̀dé ni.

"Sístà mi, ẹ ṣeun àná."

Mo dá a lóhùn, Bàbá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹni tí yóò jí láàyè sọ ọ́ fún mi.

Èmi ni ọmọ yín, tí ì bá má bínú sí yín tó báyìí ká ní kò fẹ́ràn yín.