Fìlà Àgbàdo Márùn-ún

Abẹ́rẹ́ mi, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń jẹun lásìkò, àbí ọrùn rẹ ṣì tín-ín-rín bó ṣe wà nígbà tí mo sọ ẹ́ ní Abẹ́rẹ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹ níbi tí ojú mi ò tó kò ní gbàgbé rẹ. Èmi náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún ń yọ mí lẹ́nu, maṣíìnì ìránṣọ mi náà ń ké, àwa méjèèjì la jọ ń darúgbó.

Ilé dákẹ́. Ìyá ojúlé kejì ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀, bí mo bá sín báyìí, kò sẹ́ni tó ń sọ pé pẹ̀lẹ́.

Má bínú o, àwọn àgbàdo kékeré márùn-ún tí dírẹ́bà ibi iṣẹ́ ìwádìí àgbàdo yín bá mi gbé wá pẹ̀lú páálí ọṣẹ, tí o ní kí n fún ewúrẹ́ jẹ torí ẹ̀ ń dà wọ́n nù ni, n kò fún un. O ṣàlàyé fún mi lórí fóònù pé ti ìyá nìkan ló wà lára wọn, ti bàbá ò sí, pé wọ́n á kàn dàgbà lásán, òdòdó orí wọn ò ní tú lẹ́búlẹ́bú, wọn ò sì ní lè so. O ní oògùn lẹ fi ń wo irú wọn, oògùn náà sì ń pa púpọ̀ nínú wọn, pé èyí tó máa sàn fúnra rẹ̀ lẹ ti ń wá láti ọdún mẹ́ta. Ọmọ tí kò mọ bàbá rẹ̀ ni èmi náà tọ́ dàgbà, báwo ni màá ṣe kó wọn fún ewúrẹ́? Mo gbìn wọ́n sẹ́yìn fèrèsé.

Mo rí i nínú fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ pé àwọn tiyín dé fìlà bébà. Mo mọ̀ pé nítorí òtútù ni, ṣùgbọ́n bébà kọ́ lèèyàn fi ń bo orí aláìsàn. Mo bá mú àgékù aṣọ funfun, mo rán fìlà márùn-ún, mo fi okùn sí i, mo dé e fún wọn kí òdòdó wọn tó là. Ìkẹta tóbi díẹ̀. Mo tún máa ń gbé fóònù síwájú wọn kí wọ́n lè rí fọ́tò àwọn ẹ̀gbọ́n wọn, bátìrì á sì kú, onígbàjámọ̀ tó ń bá mi ṣáàjì rẹ̀ á máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù nílé ìwòsàn, wọ́n ní èèyàn mélòó ló ń gbé ilé mi, mo ní mẹ́fà. Akọ̀wé ní kí n dárúkọ wọn, mo ka nọ́ńbà tí ẹ so mọ́ wọn lára fún un. Ó wò mí títí, ó fa gègé la mẹ́fà, ó kọ ẹyọ kan. Mo sunkún nígbà tí mo délé, n ò ní parọ́ fún ẹ.

Àná ni mo ṣí fìlà wọn kí n lè fọ̀ ọ́. Mẹ́rin mọ́ tónítóní. Ìkarùn-ún, lẹ́búlẹ́bú kan tú sí mi lọ́wọ́, ó pọ́n bí ìyeyè. Mo kọ́kọ́ bú ẹni tó ta aṣọ fún mi, mo ní aró rẹ̀ ló ń ṣí, kí n tó rántí pé aṣọ funfun ni. Mo gbọn orí àgbàdo náà, ó tún tú. Kò sí àgbàdo mìíràn ládùúgbò yìí, n ò sì fún un lóògùn kankan, àfi fìlà. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé fìlà ló wò ó sàn, pé mo lè rán ọgọ́rùn-ún kóṣù tó parí, kó fi owó aṣọ àti òwú ránṣẹ́.

N ò fọ fìlà náà mọ́. Mo ká a sínú ìwé, ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.

Abẹ́rẹ́, ìwọ lo dúró lẹ́nu ọ̀nà níbí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tó o ní ọjọ́ tí ọ̀kan bá tú lẹ́búlẹ́bú fúnra rẹ̀ lo máa wálé. Ó ti tú u. Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ. Ọlọ́run á sìn ẹ́ dé, ọ̀nà á dán fún ẹ. Bó o bá dé, ká jọ lọ bá akọ̀wé yẹn, kó fa gègé la ẹyọ kan tó kọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.