Ẹní Tí Kì Í Tètè Jó fún Kíréṣì Móní

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù Kẹjọ
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Kíréṣì Monílọ́lá, àbúrò mi, ní Oǹdó, gbọ́dọ̀ ṣí ní ọjọ́ kẹjọ oṣù tó ń bọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ló gbiná níbẹ̀ nígbà tí sáà ń parí lọ — ẹní fóòmù tí àwọn ọmọ ń sùn lé ti jó tán kí wọ́n tó gbé omi dé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìta ni àwọn ọmọ ti ń jẹun. Àwọn òbí ti sọ ọ́ gbangba: ẹní tí kì í tètè gbiná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á kó ọmọ lọ síbòmíràn. Mo ní kí Móní fọkàn balẹ̀. Ṣebí èmi ni mánéjà ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹní rọ́bà ní Àkúrẹ́ níbí. Kí ló le níbẹ̀?

Ohun tó le níbẹ̀ ń jẹ́ Dúrótoyè, onímọ̀ kẹ́místrì wa. Àwọn òbí rẹ̀ ti kìlọ̀ fún wa láti inú orúkọ. Èmi ń pè é ní Ó-ku-díẹ̀ — nínú ìwé yìí nìkan.

Èròjà tí à ń pò mọ́ rọ́bà kí iná má baà tètè ràn án wà ní sítọ́ọ̀ rẹpẹtẹ. Ó ní rárá. Ó ní ti àtijọ́ yẹn kì í jókòó sínú rọ́bà, díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde, ó ń di eruku, ọwọ́ ọmọdé á kó o, á sì tì í sẹ́nu. Tó bá wá jó, èéfín rẹ̀ burú. Ìyẹ̀fun funfun kan ló fẹ́ lò, tí wọ́n ṣe láti ara òkúta. Omi wà nínú rẹ̀, ó ní. Tí iná bá kàn án, omi náà á tú jáde, á sì pa iná. Mo ní tó bá jẹ́ omi ni, ká kúkú gbé garawa sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 20 oṣù Kẹjọ
Àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Kò jó. Kò sì ká. Mo ní kí n ká a, ó kán mọ́ mi lọ́wọ́ bíi bisikíìtì. Ìyẹ̀fun yẹn pọ̀ ju rọ́bà lọ nínú rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́. Mo bi í bóyá ẹní là ń ṣe ni àbí pákó. Ó ní, “Màdáàmù, ó ku díẹ̀.”

Òun náà rèé.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù Kẹjọ
Ó fẹ́ fi ọ̀rá tí wọ́n yọ lára epo pupa bo ìyẹ̀fun náà, kí òun àti rọ́bà lè gbọ́ra yé. Mo mọ tọkọtaya méjì tí irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ì bá wúlò fún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 oṣù Kẹjọ
Ọ̀rá ṣiṣẹ́! Ẹní ká, ó nà padà, ó pa iná ara rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, mo jó ijó díẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ — ìròyìn burúkú. Òjò ti jò sórí àpò ìyẹ̀fun tó kù. Ẹní tí wọ́n fi ṣe lé ròrò bí ara tí omi gbígbóná dà sí. Ó-ku-díẹ̀ fẹ́ máa fi ààrò kékeré tó wà ní yàrá àyẹ̀wò mú un gbẹ, àwo kan lẹ́yìn àwo kan. Kérésìmesì la máa parí. Níbi tí mo ti kọ́ ètò ìṣòwò, wọn ò kọ́ wa láti máa wo ààrò. Mo ti rí ọ̀nà mìíràn.

Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù Kẹjọ
Oǹdó. Ìyá ọkọ mi — Màmá Oǹdó — ní ilẹ̀ sìmẹ́ńtì gbàgede tí wọ́n ń sá kòkó sí. Oòrùn ń ràn bí ẹni pé èmi ni mo gbà á síṣẹ́. Mo tọrọ ìdajì ilẹ̀ náà, mo tẹ́ ìyẹ̀fun sí i. Màmá ní, “Ìyàwó mi, ṣé èlùbọ́ ni?” Mo ní kò ṣeé jẹ o. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́! Ẹ wá ń sá ohun tí kò ṣeé jẹ.”

Kílẹ̀ tó ṣú, ó ti gbẹ kanrin. Ọjọ́ kan! Mi ò sọ ibi tó ti gbẹ fún Ó-ku-díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 oṣù Kẹjọ
Ẹní jáde ní àwọ̀ ilẹ̀, ó ń rùn bíi kòkó. Èèpo kòkó, eruku kòkó, àti ohun tí ewúrẹ́ Màmá fi sílẹ̀ — gbogbo rẹ̀ ti pò mọ́ ọn. Wọ́n sún un níná: ọwọ́ iná kú, ṣùgbọ́n àwọn tótòtó dúdú inú rẹ̀ ń pọ́n bí ẹ̀yinná, wọn ò kú. Ó-ku-díẹ̀ gbóòórùn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. “Màdáàmù, ẹ bá wa wá mílíìkì àti ṣúgà.” Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rín díẹ̀, nínú.

Màmá Oǹdó pè. Ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn ní kòkó ti bu, wò ó bó ṣe funfun, òun ò rà. Ìyẹ̀fun wa ni atẹ́gùn fẹ́ sí i lára. Lọ́la, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni màá fọ ilẹ̀ yẹn. Lórí ìkúnlẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Kẹsàn-án
Ìyẹ̀fun tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti Èkó. Ó-ku-díẹ̀ ní a ò lè bá ọjọ́ kẹjọ mọ́. Mo pe oníṣòwò kan ní Èkó tí ẹní tirẹ̀ ti wà nílẹ̀, “kì í gbiná, Màdáàmù, ẹ̀rí wà.” Mi ò bi í ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù Kẹsàn-án
Ẹní dé. Pupa, yẹ́lò, búlúù. Ó dùn ún wò ju Ó-ku-díẹ̀ lọ. Mo gbé e lọ Oǹdó tààrà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù Kẹsàn-án
Móní pe àwọn òbí wá wo ẹní. Kò sọ fún mi pé òun pe Dúrótoyè náà. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò Àkúrẹ́, ẹyọ kan nínú ẹní àyẹ̀wò wa tó yege lábẹ́ abíyá. Ó kí gbogbo ènìyàn, ó kí mi gbẹ̀yìn. Ó gé igun ẹní méjèèjì, ó sún wọn níná ní àgbàlá.

Ti Èkó — ká sọ òótọ́ — kò tètè gbiná. Àmọ́ nígbà tó gbà á: èéfín dúdú, ojú ń ta wá, gbogbo wa ń wúkọ́. Tiwa rú fẹ́ẹ́rẹ́, ó kú.

Bàbá Goodness ló kọ́kọ́ pariwo. Ó ń ta táyà, kò sì sí òbí tí ohùn rẹ̀ ròkè tó tirẹ̀. “Èéfín táyà nìyẹn! Ṣé ṣọ́ọ̀bù mi lẹ fẹ́ kí ọmọ mi máa sùn ni?” Mo ní wọ́n ti tún wáyà ṣe, níbo ni iná á tún gbà wọlé? Ó ní, “Màdáàmù Àkúrẹ́, kí la wá ń pààrọ̀ ẹní fún?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹní pupa lé búlúù.

Móní fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Àǹtí mi, ẹ kó o padà.” Mo ní Ọjọ́ Ajé tí a dá la dá. Ó ní kíréṣì òun ni, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún lòun máa ṣí i. Ó yíjú sí àwọn òbí, ó sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe kíréṣì mìíràn lórí fóònù níṣojú rẹ̀. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, kò yẹ̀. Bàbá Goodness gbé ọmọ rẹ̀ sórí ọ̀kadà, kò sọ ohun tó máa ṣe. Tí òun bá lọ, ìyókù á tẹ̀ lé e, kíréṣì Móní á sì di yàrá òfìfo. Gbogbo wa mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù Kẹsàn-án
Móní ò gbé fóònù mi.

Ọjọ́rú, 10 oṣù Kẹsàn-án
Ìyẹ̀fun tuntun dé lánàá, òun náà ti fa omi lójú ọ̀nà. Èmi ni mò ń kó àwo sínú ààrò, tọ̀sán-tòru. Ó-ku-díẹ̀ ní kí n má ṣí i kí aago rẹ̀ tó dún. Mo ṣí i. Ó tì í padà, ó gbé àga fún mi. “Màdáàmù, ẹ jókòó.” Mo jókòó. Mo sọ fún un pé ó mà ga o: èmi tí mi ò lè dúró de ènìyàn, ohun tó ń dá iná dúró ni mo wá ń tà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín! Eyín rẹ̀ tilẹ̀ dáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 oṣù Kẹsàn-án
Ẹní pé. Àwọ̀ eérú, kò sí ẹni tó máa yà á ní fọ́tò. Ó ká, ó nà. Mo fẹ́ kọ KÒ LÈ JÓ sára láílọ́ọ̀nù tí a dì í sí. Dúrótoyè ní irọ́ ni. “Gbogbo nǹkan ló ń jó, Màdáàmù. Àyè láti gbé ọmọ jáde la fún wọn.” Mo kọ KÌ Í TÈTÈ JÓ.

Móní gbé fóònù. Àwọn kan ti lọ. Bàbá Goodness ò tíì sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù Kẹsàn-án
Òjò láti òwúrọ̀. A tẹ́ ẹní sílẹ̀, à ń retí. Àwọn òbí mélòó kan dé, wọ́n dúró sábẹ́ agboòrùn níta, wọ́n ń wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ wọlé.

Bàbá Goodness dé, ọmọ léjìká. Ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó gbé ọmọ fún Móní, ó yọ ìṣáná nínú àpò. Ó ní òun ti rí èyí tí oníkẹ́místrì sun. Èyí tí ọmọ òun máa sùn lé gan-an lòun fẹ́ rí. Mo la ẹnu. Móní wò mí, mo pa á dé. Ó ní, “Ẹ gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá Goodness.”

Ó ṣáná, ó tì í bọ igun ẹní. Ó rú díẹ̀, ó kú. Ó ṣá òmíràn. Ó kú. Ó tún ṣá òmíràn, ó dì í mú síbẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn títí iná fi jó o níka. Ó jù ú sínú òjò, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sọ́wọ́. Àwọn tó wà níta bú sẹ́rìn-ín: “Bàbá Goodness, ẹ̀yin lẹ̀ ń jó o!”

Ó gbé ẹní náà padà sáyè rẹ̀, tòun ti igun dúdú, ó gba ọmọ lọ́wọ́ Móní, ó gbé e kalẹ̀ lórí rẹ̀.

“Aago mẹ́rin ni màá padà wá,” ó ní. “Àǹtí Móní, ẹ má jẹ́ kó sùn jù. Kì í jẹ́ ká sùn lálẹ́.”

Níta, àwọn tó kù ti ń bọ́ bàtà.