Bọ́ọ̀lù Tó Dúró Lókè

                                        Yàrá Kẹrin, Ilé Àwọn Olùkọ́,
                                        Ẹ̀yìn Pápá Ìṣeré.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́ ìránṣọ, ẹ sì kú àmójútó ilé. Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ náà ńkọ́? Ara tèmi le, àmọ́ ẹnu ṣì ń yà mí bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Ṣé ẹ rántí ọmọbìnrin tí mo ń pè ní Oníbèéèrè, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ní kíláàsì físíìsì mi? Ọ̀gá ilé-ìwé ti ní òun máa yọ ọ́ kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì lọ́jọ́ Ẹtì, torí pé ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò mi. Máàkì méjì péré ló kù kó yege, ọmọ tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà ju kó jẹun lọ.

Wọ́n wá kó kọ̀ǹpútà mẹ́fà fún wa, pẹ̀lú ètò ìdánrawò físíìsì nínú wọn. Mo ní kí n kọ́kọ́ dán an wò, kí àwọn ọmọ má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n jù sókè hàn mí. Ó bi mí pé, nígbà tó dúró fírí lókè pátápátá, kó tó máa bọ̀, ṣé ilẹ̀ ṣì ń fà á? Mo tẹ "Rárá". Ohun tí mo ti fi ọdún mọ́kàndínlógún kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn. Ó ní: "Gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i." Mo tún tẹ "Rárá". Mo ní orí ẹ̀rọ náà ti dàrú.

Ló bá fi ibi tí èsì mi máa já sí hàn mí. Bọ́ọ̀lù dé òkè, ilẹ̀ dẹ́kun fífà á, ó sì dúró síbẹ̀ gbagidi, kò padà wá mọ́! Mo ju dọ́sítà tí mo fi ń nu pátákó sókè. Ó bọ́ lù mí níwájú orí. Háà, ẹ̀gbọ́n mi, ayé yìí jinlẹ̀ o! Ilẹ̀ kì í fi nǹkan kan sílẹ̀, kódà fún ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìgbà náà ni mo rántí pé mo bi wọ́n ní ìbéèrè yìí gan-an nínú ìdánwò. Mo sáré wá ìwé ìdánwò Oníbèéèrè. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ilẹ̀ ṣì ń fà á. Èmi ni mo fi báírò pupa fàgi lé e. Máàkì mẹ́ta!

Mo gbé ìwé náà tọ ọ̀gá lọ, mo ní èmi ni mo fìdí rẹmi. Ọmọ náà kò lọ síbì kankan mọ́. Lọ́jọ́ kejì mo jẹ́wọ́ níwájú kíláàsì. Oníbèéèrè dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i." Ẹ̀rín pa wá. Omi sì bọ́ lójú mi.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni o, ẹ̀yin aránṣọ! Àkísà ni mo ti ń gbé wọ kíláàsì látọjọ́ yìí.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí ẹ sì fọwọ́ pa àbíkẹ́yìn yín lórí fún mi. Orúkọ Alámọ̀tán tí ẹ fi ń pè mí láti kékeré, mo dá a padà fún yín tọwọ́tẹsẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Oníbèéèrè Kejì.