Ilé Ìwòsàn Kẹta

Màámi,

Ara mi ti ń yá. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, àna yín Dúrójayé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní sáìtì, ó sáré wá gbé mi. Ní Lakowe níbí, wọ́n ní dókítà agbẹ̀bí àwọn kò tíì dé. Ní Ajah, wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá rí Dúrójayé tó ń bẹ oníkẹ̀kẹ́ Márúwá pé kó rọra, tó tún ń ní kó sáré, ẹ̀rín ì bá pa yín.

Ilé ìwòsàn kẹta gbà wá. Ó mọ́ tónítóní, Màámi! Dókítà ní ká ní a tètè dé ni... ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Wọ́n tọ́jú mi dáadáa.

Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu láti wá wẹ ọmọ. Ọṣẹ dúdú àti àdí tí ẹ ti rà, ẹ fún ìyàwó Bùrọ̀dá Ọdúnjọ. Oṣù tirẹ̀ náà ti pé.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ ní mo dúpẹ́ orúkọ tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ó dùn ún pè. A pè é lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ yín,
Ṣèyílọ́lá