Ọ̀dà Tí Mo Fi Kun Ọkọ̀ Ọkọ Mi

Àkọ́bí mi, ìwọ tí o sọ mí di ìyá,

Kí o tó kà á síwájú, wá ibì kan jókòó sí. Mo ti lọ́kọ. Ó ti tó oṣù kan, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọmọ, nítorí ojú ń tì mí, inú mi sì ń dùn débi pé ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ ọ́ jáde, yóò fò lọ. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àbúrò rẹ. Iṣẹ́ yín kò ní í dojú rú, ilé yín á máa tòrò. Ara mi le, àfi ẹ̀rín tí kì í jẹ́ kí n rójú jẹun.

Apẹja tó máa ń gbé ẹja wá fún wa nígbà ayé bàbá yín ni, èyí tí gbogbo èbúté ń pè ní Ó-kù-díẹ̀, torí pé nígbàkígbà tí wọ́n bá bi í bóyá ó ti tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, ohun tó máa ń wí nìyẹn. Àwọn alájàpá ẹja ní ìyàwó tó fẹ́ yìí nìkan ni nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí.

Mo fẹ́ ṣe olówó orí mi lóore, ni mo bá ra ọ̀dà aláwọ̀ ojú ọ̀run, mo fi kun ọkọ̀ náà tinú tòde, títí dé ẹ́ńjìnnì. Ó dùn-ún wò bí àlá. Láti ọjọ́ náà ni ẹ́ńjìnnì ò ti jí mọ́. Bí ọkọ mi bá yí kọ́kọ́rọ́, gílóòbù iwájú ọkọ̀ á là díẹ̀ bí ojú ẹni tó ń tòògbé, á tún padé. Èmi rò pé fóònù mi ló mu iná gbẹ, torí ara bátìrì ọkọ̀ ni mo ti ń ṣájì rẹ̀, ni mo bá fi fóònù sínú ààwẹ̀. Ìdí nìyẹn tí o fi ń pè tí kò wọlé.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ẹni tó ń ta igi ìdáná ti wá, ó ń tẹ pákó ọkọ̀ náà bí ẹni ń ra ewúrẹ́. Ọkọ mi sì ti búra pé ọkọ̀ yẹn ni òun yóò fi gbé yín sọdá omi nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wá kí wa, òun kò ní í fi ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ pàdé àwọn ọmọ ìyàwó òun. Ó ní bí kò bá jí kí oṣù yìí tó parí, òun á jẹ́ kí wọ́n là á.

Ọkọ mi gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn iná wá, ó fi kan orí bátìrì, ó ní méjìlá ni iná rẹ̀. Mo fọwọ́ kan bátìrì náà bóyá ó gbóná, mo ní kí Ọlọ́run bá wa bù ú kù. Ó ní méjìlá ni àlàáfíà rẹ̀. A fi sáńpépà họ ohun aláwọ̀ ewé tó hù sí i lórí, a tọ wáyà pupa dé ẹ́ńjìnnì, kò já níbì kankan. Ó ní ó wá ku wáyà dúdú, pé iná tó bá jáde gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sílé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní í ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara, ọmọ mi. Láti ìgbà tí bàbá yín ti lọ ni èmi náà ti jáde tí mi ò rọ́nà padà.

Ìrọ̀lẹ́ ni, omi dákẹ́ bí òróró nínú àwo. Mo tọ wáyà dúdú lọ títí mo fi kan nọ́ọ̀tì kan lára ẹ́ńjìnnì, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Èmi ni mo tú wáyà ibẹ̀ kí n lè kùn ún dáadáa, tí mo tún so ó padà lé ọ̀dà lórí. Mo bi í bóyá iná lè gba inú ọ̀dà kọjá. Ọ̀bẹ ló kàn nà sí mi pé kí n gbà. Mo họ ibẹ̀ títí irin fi ń dán, mo so wáyà náà mọ́ ọn padà. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ wúkọ́, ó jí, iná sì tàn sórí omi, bí ẹni pé ọkọ̀ mìíràn wà nísàlẹ̀ tí tọkọtaya kan jókòó sínú rẹ̀ tí wọ́n ń wò wá. Ọkọ mi ní kí n máa kun ohun tó bá wù mí, ṣùgbọ́n kí n máa kọ́kọ́ bi òun.

Fóònù ti ṣínu, máa pè. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, bá wa ra gílóòbù pupa kan àti aláwọ̀ ewé kan fún ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, bí ó bá sì ṣẹ́kù, fi ọ̀dà díẹ̀ kún un. Ọ̀nà tí ẹ bá gbà jáde, ẹ ó máa rí i gbà padà sílé.

Ìyá yín, ìyàwó tuntun, ló kọ ọ́. Kí gbogbo yín pé sí èbúté òdìkejì, bí àwọn ará ibẹ̀ bá sì ní ó kù díẹ̀, ẹ má dá wọn lóhùn: Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù tó ń bọ̀, kí oòrùn tó wọ̀.