Wọn Ò Jẹ́ Kí N Gbé Ọmọ-Ọmọ Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìtùnú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ bò.

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. HIV wà lára mi, mi ò sì pa oògùn mi jẹ rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin mi bímọ. Mo nawọ́ láti gbé ọmọ, ló bá fà á sẹ́yìn: "Màámi, ẹ máa wò ó láti ọ̀hún yẹn."

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ìyá, pẹ̀lú ọjọ́ orí yín yìí, níbo lẹ ti rí i kó?"

Bí ẹni pé èmi ò lọ́kọ rí! Dókítà mi ṣàlàyé fún wọn pé HIV kì í tipa gbígbé ọmọ mọ́ra ran èèyàn, wọ́n kọ etí ikún. Ọmọ ọlọ́mọ tí mo gbẹ̀bí ò lóǹkà, tèmi ló wá di èèwọ̀.

Ó sú mi. Ọmọ mi ń gbọ́ ètò yín lójoojúmọ́. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí lẹ máa bá mi sọ fún un?